Mary Seacole, obìnrin tí kò sá fún àrùn onígbáméjì

Ní ọdún 1851, ọkùnrin ará Sípéènì kan lọ jẹun ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cruces, ìlú kékeré kan tí ó wà ní etí odò Chagres ní ilẹ̀ Panama. Ó jẹun tán, ó dágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ó dé ilé ni àìsàn kì í mọ́lẹ̀, kò sì fún un ní àyè rárá tí ọkùnrin náà fi kú. Bí ìròyìn ikú náà ṣe tàn kálẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé ẹni tí ó gbà á lálejò ni ó fún un ní májèlé jẹ. Edward, ọmọ Jàmáíkà tí ó ní ilé ìtura ní ìlú náà, ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí.

Arábìnrin Edward kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jàmáíkà ni. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan arákùnrin rẹ̀, ó lọ wo òkú náà fúnra rẹ̀. Ojú òkú ti jìn wọnú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò, awọ ara rẹ̀ ti hun, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Obìnrin náà kò ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe májèlé. Irú òkú bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí lọ súà ní ìlú rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Kọ́lẹ́rà, àrùn tí àwọn Yorùbá ń pè ní onígbáméjì, ti wọ Cruces.

Orúkọ obìnrin náà ni Mary Seacole. Lónìí, ère rẹ̀ wà ní iwájú ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ẹni tí ayé ń bu ọlá fún, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti mọ́ ọn lójú, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé fi gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kingston, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1805. Mary Jane Grant ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá láti Sìkọ́tíláǹdì ni bàbá rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀. Òwò ẹrú ṣì gbilẹ̀ ní Jàmáíkà nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní àwọ̀ bíi ti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ àṣekú nínú oko ìrèké. Ṣùgbọ́n òmìnira ni ìyá Mary, nítorí náà òmìnira ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Obìnrin náà ní ilé ìgbàlejò kan tí wọ́n ń pè ní Blundell Hall, níbi tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi tí ara wọn kò yá máa ń wọ̀ sí. Ó mọ ewé, ó mọ egbò, ó mọ bí a ti ń tọ́jú ibà àti àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru. Oníṣègùn ni gbogbo Kingston mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Láti kékeré ni Mary ti ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo àìsàn tí ó bá gbọ́ pé ó ń jà ní ìlú ni yóò sọ pé ó ń ṣe ọmọláńgidi rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Láti orí ọmọláńgidi ni ó bọ́ sórí ajá àti ológbò inú ilé, lẹ́yìn náà ni ó ń dán oògùn wò lára ara rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa tó ọmọ ọdún méjìlá, ó ti ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti tọ́jú àwọn aláìsàn gidi.

Kò sì jókòó sí ojú kan. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti rin ìrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi àwọ̀ òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní òpópónà. Ó kó èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò láti Jàmáíkà lọ tà níbẹ̀, ó sì rí èrè níbẹ̀. Ó dé Bahamas, ó dé Háítì, ó sì dé Kúbà. Níbi gbogbo tí ó bá dé ni ó ti ń ṣòwò, tí ó sì ń kọ́ ohun tuntun nípa ìtọ́jú aláìsàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1836 ni ó fẹ́ Edwin Horatio Hamilton Seacole. Ara ọkùnrin náà kò le rárá, ìyàwó ni ó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ jálẹ̀ ìgbéyàwó wọn. Ní ọdún 1843, iná ńlá jó Kingston, Blundell Hall sì jóná pẹ̀lú. Wọ́n tún un kọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkọ Mary kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ náà tẹ̀lé e. Ọgbẹ́ ọkàn náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìṣàkóso ilé ìgbàlejò náà lé èjìká ara rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó tún wá fẹ́ ẹ, kò gbà.

Ní ọdún 1850 ni kọ́lẹ́rà dé Jàmáíkà. Kò sí ìdílé tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ó bá a lọ. Dókítà kan ń gbé nínú ilé Mary nígbà náà, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí ó mọ̀ nípa àrùn náà. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé lọ́wọ́ dé Panama ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ayé ti rí nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó mọ kòkòrò tí ń fa àrùn náà dájú. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ni ó ń fà á. Ọdún 1854 ni John Snow fi ẹ̀rí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé omi mímu ni ó ń gbé e kiri, títí di ọdún 1883 sí 1884 ni Robert Koch, ọmọ Jámánì, tó fi hàn pé kòkòrò kan ni ó ń fà á. Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún un ṣe àlàyé iṣẹ́ ibi rẹ̀ ju ti àwọn dókítà ìgbà náà lọ: igbá méjì ni aláìsàn ń fẹ́, ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Omi ara ni ó ń gbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní òwúrọ̀ lè di òkú kí oòrùn tó wọ̀.

Cruces sì jẹ́ ibi tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n ti rí wúrà ní California, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sì ń gba Panama kọjá láti inú òkun kan bọ́ sí èkejì. Wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Chagres dé Cruces, wọn yóò sì gun ìbaaka láti ibẹ̀ lọ. Ìlú náà kún fọ́fọ́, ilé kò tó, omi ìdọ̀tí sì wà níbi gbogbo. Kò sí dókítà. Ẹni kan ṣoṣo tí ó súnmọ́ dókítà níbẹ̀ ni oníṣègùn eyín kan, ẹ̀rù sì ti ba òun náà.

Ní àkọ́kọ́, àwọn ará ìlú kò fẹ́ gbà pé kọ́lẹ́rà ni. Ṣùgbọ́n àrùn náà kọ lu ọ̀rẹ́ ọkùnrin tí ó kú. Seacole sáré lọ bá a, ó tọ́jú rẹ̀, ara ọkùnrin náà sì yá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru. Àwọn olówó sanwó fún un dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tálákà ni wọ́n pọ̀ jù, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó ní lọ́wọ́ kò ju àpótí oògùn tí ó gbé wá láti ilé lọ. Ó ń lo músítádì láti mú kí aláìsàn bì, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn ní ikùn àti ẹ̀yìn. Ó ń fi aṣọ gbígbóná gbá wọn lára, ó ń fún wọn ní oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe àti èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, ó sì ń fún wọn ní omi tí ó bọ̀ pẹ̀lú èpo igi olóòórùn dídùn tí Bíbélì pè ní kinamoni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin tí ó ní ìbaaka púpọ̀ ránṣẹ́ pè é pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń kú. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ilé kékeré kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ó ń kú lọ jọ wà papọ̀. Wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ kò sì ríbi wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó ní kí wọ́n dá iná, kí wọ́n gbá ilé. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ sì mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan rí ìwòsàn, àwọn kan kú. Ọmọ jòjòló aláìlóbìí kan, tí kò tíì pé ọdún kan dáadáa, wà lára àwọn tí ó kú. Ọwọ́ Seacole ni ó kú sí.

Ikú ọmọ náà kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí àrùn yìí ń ṣe nínú ara ènìyàn. Ó fún ọkùnrin tí ó fẹ́ lọ sin òkú náà lówó, àwọn méjèèjì sọdá odò lọ sí ibi kọ́lọ́fín, ó sì fi ọ̀bẹ la òkú ọmọ náà wò. Obìnrin tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí ni ó ṣe èyí, nítorí pé kò sí ìwé tí ó lè kà, kò sì sí olùkọ́ tí ó lè bi. Lójú òde òní, irú ìwà bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ yóò mú àríyànjiyàn wá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ohun tí òun rí wúlò fún òun.

Ohun mìíràn tí ó sọ nínú ìwé náà ni ó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn. Kò fi ara rẹ̀ ṣe aláìlábùkù. Ó jẹ́wọ́ pé òun ṣe àṣìṣe púpọ̀ ní Cruces, àti pé nígbà tí òun ronú padà sí àwọn oògùn kan tí òun lò, ara òun bù máṣọ. Ìmọ̀ òde òní sì ti fi hàn pé ó tọ̀nà láti jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Májèlé ni mẹ́kúrì àti òjé, oògùn tí ń mú ènìyàn bì sì tún ń fa omi jáde lára ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń lò wọ́n, àwọn dókítà tí ó gboyè náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tí ó ń fún aláìsàn mu, ìmọ́tótó tí ó tẹnu mọ́, àti jíjókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́ ṣàǹfààní gidigidi.

Nígbà tí ó yá, àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀. Àwọn ará Cruces tí ó ti tọ́jú kò fi í sílẹ̀, wọ́n ń wá wò ó, wọ́n sì ń bá a kẹ́dùn. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn náà, ara rẹ̀ sì yá. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ iyì rẹ̀. Níbi àsè kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, ọ̀kan nínú wọn dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ó dun àwọn pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe funfun. Seacole dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn pé òun kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú àwọ̀ òun, bí ó bá tilẹ̀ dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó sì fẹ́ padà sí ilé, àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun kò jẹ́ kí ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó dúró de ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ó dé Jàmáíkà bá ibà pọ́njú ní ọdún 1853, àwọn aláṣẹ ìṣègùn ọmọ ogun sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bójú tó ìtọ́jú aláìsàn ní bárékè Up-Park Camp. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Crimea. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ń bá Rọ́ṣíà jà, kọ́lẹ́rà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn sì ń pa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ju bí ìbọn ti ń pa wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà ni Seacole ti mọ̀ ní Kingston. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854 láti lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Gbogbo ọ́fíìsì tí ó dé ni wọ́n ti dá a padà. Ó lọ sí ọ́fíìsì ogun, ó lọ sí ti ìṣègùn, ó lọ bá àwọn tí ń yan nọ́ọ̀sì tí yóò lọ bá Florence Nightingale, ó sì lọ bá àwọn tí ń kó owó ìrànwọ́ jọ. Ó mú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì mọ àrùn tí ń pa àwọn ọmọ ogun náà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ. Wọn kò gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró ní òpópónà Lọ́ńdọ̀nù, ó sunkún, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọ̀ òun ni wọ́n rí tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ òun.

Ẹni tí a kò fún ní àga a máa fi ẹní jókòó. Seacole pinnu pé owó ara òun ni òun yóò fi lọ. Òun àti Thomas Day, mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀, dá òwò sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Crimea ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1855. Ó sùn ní òru ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn Scutari, níbi tí ó ti rí Nightingale, ó sì tẹ̀síwájú. Nítòsí Balaclava ni ó ti fi pákó tí omi gbé wá, páànù àti fèrèsé àlòkù kọ́ ilé kan tí ó pè ní British Hotel. Owó tí ó ná sí i tó 800 pọ́n-ùn.

Ilé ìtajà ni ibẹ̀, ilé oúnjẹ ni, ilé ìwòsàn sì ni pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ogun tí inú ń run àti àwọn tí ibà ń ṣe yóò ti tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó lówó ń san án, ẹni tí kò ní ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń gbé tíì àti àwọn ohun ìdiwọ́ ọgbẹ́ lọ sí èbúté fún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí ìjà bá sì le, yóò di ẹrù rẹ̀ sórí ìbaaka, yóò gba ojú ogun lọ, nígbà tí ọta ṣì ń fò. Ìyá Seacole ni wọ́n ń pè é. Àwọn òpìtàn kan ti ń jiyàn bóyá nọ́ọ̀sì ni ó tọ́ kí a pè é tàbí oníṣòwò. Òótọ́ ni pé ó ń tà, ó ń rà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tí ó tọ́jú kò jiyàn rárá.

Ogun parí ní oṣù kẹta ọdún 1856, àlàáfíà náà sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Ọjà tí ó kó pamọ́ kò rí ẹni rà á mọ́, owó púpọ̀ ni ó dá lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì kéde pé ó ti wọko gbèsè ní ọdún náà. Àwọn ọmọ ogun kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1857, wọ́n ṣe àríyá ńlá fún un fún ọjọ́ mẹ́rin, èrò sì pọ̀ bí omi, àmọ́ 57 pọ́n-ùn péré ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún náà ni ìwé rẹ̀, Wonderful Adventures of Mrs. Seacole in Many Lands, jáde. Ní ọdún 1867, wọ́n tún dá owó jọ fún un, Ọbabìnrin Victoria sì fọwọ́ sí i. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 1881, wọ́n sì sin ín sí ibojì àwọn Kátólíìkì ní Kensal Green.

Lẹ́yìn èyí ni ìdákẹ́jẹ́ ńlá. Koríko bo sàréè rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin Jàmáíkà tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n lọ tún un ṣe ní ọdún 1973. Wọ́n tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní ọdún 1984. Ní ọdún 2004, òun ni àwọn ènìyàn dìbò yàn gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú tí ó tóbi jùlọ nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas', níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì tí ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ lè máa rí i. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú náà.

Onígbáméjì kò tíì kúrò láyé. Òpin ọdún 1970 ni ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ó sì tún jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ohun tí Seacole wá lọ sínú òkú ọmọ jòjòló ní Cruces ti wà ní ọwọ́ gbogbo ìyá báyìí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí kò tíì yí padà láti ọdún 1851 ni pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, kí ó wọlé, kí ó sì jókòó ti ẹni tí ó wà níbẹ̀.